Má Gbéra Kí O Tó Gbọ́ Ohùn Kẹrin

Fondren Southwest, Houston
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi, àbígbẹ̀yìn tí kò jẹ́ kí ilé mi dákẹ́,

Ẹnu á yà ọ́ láti rí ìwé tí mo fọwọ́ kọ, nítorí ilé rẹ ní Pasadena kò ju wákàtí kan lọ sí tiwa níbí, fóònù sì wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti ọjọ́ Àìkú. Nígbà àkọ́kọ́, o wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà kejì, dípò ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ń béèrè bóyá o ti jẹun. Nígbà kẹta, mo ní, "Mojí, ní ti ọkọ̀ yẹn," o sì ní, "Daddy, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ relax jàre, parade lásán ni." Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá rẹ tó jókòó tì mí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò lè fẹnu sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, èmi á gbé e lọ fún un pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín rẹ̀." Òun ló gbé e wá yìí. Kọ́kọ́ ka ìwé kí o tó ṣí mọ́ínmọ́ín.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé o máa ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka Bíbélì ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Rọra kà á. Ìdí tí mi ò fi kọ ọ́ lédè òyìnbó, o máa rí i níwájú.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Láti oṣù mẹ́ta tí o ti gba iṣẹ́ panápaná ní ilé iṣẹ́ ìfọpo yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ẹ̀rù tí mo lè gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n tan àbẹ́là sí i, kí n sì padà wá sùn. Ti ọjọ́ Àìkú yìí yàtọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, o bá èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Dádì Lásún, níbi ìgbọ́kọ̀sí, o na fóònù sí wa, o ní, "Daddy, ẹ wo ohun tí mo máa drive on Saturday!" Mo wò ó. Ọkọ̀ panápaná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, pupa fòò, agogo idẹ níwájú, àkàbà onígi gbọọrọ lórí. O ní bàbá òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá yín ló rà á, tó tún un ṣe, tó sì fẹ́ fi yá yín fún ọjọ́ ìdílé àwọn òṣìṣẹ́. O ní irú rẹ̀ tó ṣẹ́ kù láyé kò pọ̀ mọ́. O ní nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ yín, ìwọ nìkan lo mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ yí jíà. O wá ní àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ló máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí ẹ máa fi wọ́n yí ilé iṣẹ́ po.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ́ ọ ní jíà yẹn, nínú píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó, níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ò ń sunkún pé ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń yí jíà fúnra rẹ̀. Mo ní kí o panu mọ́, pé ọjọ́ kan á wúlò fún ọ. Mo ti rí ọjọ́ náà báyìí, mi ò sì fẹ́ ẹ mọ́.

Ṣé o wo Dádì Lásún nígbà tó gba fóònù náà? Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka fẹ àwòrán náà, ó fi ojú rìn títí dé ẹ̀yìn ọkọ̀ lápá òsì, ó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá fóònù padà fún ọ, tó ní, "Ó dáa, ọmọ mi," tó sì tiro lọ síbi ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Àtìgbà tí o ti mọ̀ ọ́n lo ti mọ ẹsẹ̀ yẹn. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, o bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní ìjàǹbá ọkọ̀ ni. Òótọ́ ni. Mi ò sọ ẹni tó wa ọkọ̀ náà fún ọ.

Èmi ni.

Kí n tó di bàbá ẹnikẹ́ni, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ panápaná ni mí. O mọ̀ pé mo wa ọkọ̀ akẹ́rù, o mọ̀ pé mo wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé níbí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n eléyìí, mi ò sọ ọ́ rí. Ilé iṣẹ́ pákó ńlá kan wà lápá Oǹdó nígbà náà, àwọn òyìnbó ló ni ín. Igi gbígbẹ, ìyẹ̀fun igi, ẹ̀rọ tó ń gbóná látàárọ̀ dalẹ́: gbogbo rẹ̀ ń wá iná. Nítorí náà wọ́n ní panápaná tiwọn, bí ilé iṣẹ́ yín náà ṣe ní. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní. Àwọn òyìnbó ti lò ó gbó nílùú wọn kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá fún wa. Ó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ, Ìyá Àgbà la sì ń pè é. Èyí tí o fi hàn mí nínú fóònù, bí kì í bá ṣe òun gan-an, ìbejì rẹ̀ ni.

Mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn irin lọ. Láràárọ̀ la fi ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ ara rẹ̀ títí á fi máa kọ mànà. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn. Ọ̀gá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà níwájú, okùn agogo lọ́wọ́ rẹ̀. Àkàbà á sùn sókè, kẹ̀kẹ́ onígi rẹ̀ méjì á yọ sẹ́yìn, wọ́n ga tó àyà ọkùnrin. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbé e sáré náà ló ń fa omi. Bí a bá dé etí odò, a ó ju họ́ọ̀sì sómi, dẹ́rẹ́bà á fa irin kan, agbára tó wà nídìí táyà á kọjá sínú pọ́ǹpù, omi á sì fò ga ju òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fa irin yẹn, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ilé ẹnìkan ló ń jó.

Àwọn mẹ́rin tó kù, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń jókòó sí: méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, wọ́n kọjú sí títì. Ẹsẹ̀ wọn á wà lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á fọwọ́ di irin idẹ kan mú lẹ́yìn. Kò sí bẹ́líìtì. Kò sí nǹkan kan níwájú orúnkún wọn àfi afẹ́fẹ́. Ọ̀gá wa, Bàbá Jímọ̀, sọ fún wa pé látìgbà tí ẹṣin ti ń fa ọkọ̀ panápaná làwọn òyìnbó ti ń jókòó báyẹn, kí wọ́n lè tètè fò sílẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé, wọ́n tú ẹṣin sílẹ̀, wọ́n fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ bó ṣe wà. Bàbá Jímọ̀ ní ẹṣin máa ń bẹ̀rù kọ́nà, ẹ́ńjìnnì kì í bẹ̀rù nǹkan kan.

Ó wá fi òfin kan lélẹ̀ fún wa. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ di irin mú, kó sì ké e síta pé, "Mo dì í mú!" Ọ̀tún iwájú, ọ̀tún ẹ̀yìn, òsì iwájú, òsì ẹ̀yìn. Ohùn mẹ́rin. Lẹ́yìn ohùn kẹrin ni dẹ́rẹ́bà tó lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, irin ẹsẹ̀ òsì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ilé ń jó, bí ènìyàn ń ké, ohùn mẹ́rin. "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí," ló máa ń wí, "ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni." Lásún, ẹni tí ò ń pè ní Dádì Lásún lónìí, ló ń jókòó sí òsì ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ni ohùn kẹrin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pariwo pé èéfín ń jáde níbi tí a ń gbẹ pákó sí. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Ìyá Àgbà kò gbọ́ ti ìjọba, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà síbẹ̀. Etí kòtò ni mo jókòó sí, apá òsì ọkọ̀ sì wà láàárín títì, níbi tí mi ò lè rí rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa rí fún ọ ní Pasadena, mo sì mọ̀ pé o ò tíì ronú kàn án.

Ara Bàbá Jímọ̀ kò yá lọ́jọ́ náà, kò wá síṣẹ́. Èmi nìkan ni mo wà níwájú, sítíárìn lọ́wọ́ kan, okùn agogo lọ́wọ́ kejì. Àwọn òṣìṣẹ́bìnrin ọ́fíìsì ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wò wá. Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ kó wò mí. Má bi ìyá rẹ, òun kọ́.

Mo gbọ́ ohùn kan: "Mo dì í mú!" Mo gbọ́ ìkejì. Mo gbọ́ ìkẹta. Lásún ló sáré dé kẹ́yìn, mo rí i kí n tó gun ọkọ̀, okùn bàtà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Mo ka ení, mo ka èjì nínú ọkàn mi. Mo sọ fún ara mi pé á ti dì í mú. Mo lu agogo, mo gbéra.

Kọ́nà kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà pákó, tó yà sọ́tùn-ún. Mi ò dẹ eré. Ìyá Àgbà fì, mo sì gbọ́ nǹkan kan tó já lulẹ̀ bí ìgbà tí àpò gààrí já lórí alábàárù. Mo rò pé pákó ni. Nígbà tí a dé ibi èéfín, àwọn ènìyàn mi fò sílẹ̀. Mo kà wọ́n. Mẹ́ta. Mo tún wọn kà. Iná tí mo tìtorí rẹ̀ sáré, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti fi yẹ̀pẹ̀ bò ó pa kí a tó dé. Mo fẹsẹ̀ sáré padà. Ó dùbúlẹ̀ láàárín títì, àṣíborí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú mi ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá òyìnbó fún mi ní ìwé àti bírò, ó ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ lédè òyìnbó tó dán mọ́rán pé mo gbọ́ ohùn mẹ́rin, pé Lásún ló fọwọ́ ara rẹ̀ tú irin sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, pé kò kíyè sára. Èmi, wọ́n ní dẹ́rẹ́bà tó mọ òfin ni mí. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá gbé e lọ, mi ò lọ kí i. Èdè òyìnbó ni mo fi pa irọ́ yẹn, Àjọkẹ́. Mi ò lè fi òyìnbó tú u.

Ọdún gorí ọdún. Ọlọ́run mú wa dé Houston. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo rí bàbá kan tó ń tiro wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Cinco Ranch ló mú un wá. Mo fẹ́ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sá. Ó ti rí mi, ó pe orúkọ mi tòun tariwo, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà la ti ń jókòó pọ̀. O rántí bó ṣe jó lọ́jọ́ tí o gboyè, tó ń ti ẹsẹ̀ yẹn lẹ́yìn bí ẹni pé kò dùn ún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ti lọ ju ogún lọ dáadáa, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tiro bọ̀ lẹ́yìn mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó tó báyìí. Ìwọ ni ọ̀rọ̀ kàn. Mo fẹ́ to ìmọ̀ràn mi ní ení, èjì, bí àwọn bàbá tó mọ̀wé ṣe ń tò ó. Bí ó bá dàrú lọ́wọ́ mi, fara dà á.

Èkíní, wo ẹsẹ̀ rẹ. Nínú Ìyá Àgbà, tọ́rọ́tù tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré ló wà láàárín, bíréèkì ló wà lọ́tùn-ún. Bí ti òyìnbó yẹn bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á tàn ọ́ jẹ nígbà tí àyà rẹ bá já. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo fẹ́ dúró níwájú ilé kúùkù, mo tẹ àárín, mo sì wọ inú ilé adìẹ. Adìẹ méje ló kú. Ìyàwó kúùkù kò dá mi lóhùn fún ọdún kan. Ẹ̀rín ni o máa rín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ká ní ọmọdé méje ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Lọ jókòó sórí rẹ̀ lọ́la nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Dijú, kí o fi ẹsẹ̀ wá wọn títí ẹsẹ̀ náà á fi mọ̀ wọ́n ju ojú lọ.

Èkejì, bi wọ́n pé ṣé omi wà nínú táńkì rẹ̀. Bí ó bá kún, ó dáa. Bí ó bá gbẹ, ó dáa. Omi ìdajì ni kí o kọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ bá fì sí ni omi ìdajì máa ń sáré lọ, á sì fi kún fífì rẹ̀. A kò mọ èyí lọ́jọ́ ti Lásún. Bàbá Jímọ̀ ló ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Èkẹta, bíréèkì rẹ̀ ń lọ́ra, nítorí náà ìrìn ẹsẹ̀ ni kí o bá a rìn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹnìkan máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì tí o kò lè rí, kó máa bá ọ sọ̀rọ̀. Bí ẹni náà bá dákẹ́, dúró.

Mi ò mọ ìkelòó ni èyí, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí n jí pẹ̀lú òógùn lára. Má gbé ọmọdé sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Mo bẹ̀ ọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé kéré sí irin náà. Idẹ sì ni irin náà, o mọ oòrùn Houston. Bí ó bá wà níta láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti gbóná débi pé ọmọ ọdún mẹ́fà á tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwọ kò sì ní mọ̀. Ìwọ á máa lu agogo lọ níwájú, àwọn òbí á máa ya fọ́tò. Wọ́n ní ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. O lè ní ekòló ni mo rí. Ejò ni, ọmọ mi, mo mọ ojú rẹ̀.

Ọkọ̀ náà kọ́ ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Ìwọ ni. Oṣù mẹ́ta péré lo ṣe níbẹ̀. Ìwọ nìkan lobìnrin láàárín wọn, o fẹ́ kí wọ́n rí ọ. Ọ̀gá rẹ á ní, "Come on, it's fine," gbogbo wọn á máa wò ọ́, ojú á sì tì ọ́ láti sọ pé rárá. Mo mọ ojú tó ń wo ènìyàn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ló ka ení, èjì fún mi. Àwọn àgbà wa ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo gba àwọn àgbà gbọ́, ṣùgbọ́n ikú ara ẹni ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó bá jẹ́ ikú ọmọ ẹlòmíràn, gba ẹ̀sín. Gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá kọ̀ jálẹ̀, fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí o sọ̀ kalẹ̀, kí o máa bọ̀ nílé. Bí wọ́n bá sì torí rẹ̀ lé ọ, yàrá rẹ ṣì wà níbí, aṣọ rẹ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìkan ló kù, ó sì ju ọjọ́ Sátidé lọ. Iṣẹ́ iná lo gbà. Ọjọ́ kan á wà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó tètè dé, tí nǹkan á bàjẹ́, tí wọ́n á fún ọ ní ìwé pé kí o kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kọ ohun tí o gbọ́. Kọ ohun tí o kò gbọ́ pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ Lásún san díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo kọ kò san.

Lánàá, mo wa ọkọ̀ lọ sí Cinco Ranch. Lásún wà ní ẹ̀yìnkùlé ọmọ rẹ̀, ó ń bomi rin ata tó gbìn sínú ike. Mi ò jókòó. Mo ní, "Lásún, níjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ohùn rẹ."

Kò wò mí. Ó ń bomi rin ata lọ. Ó ní, "Mo mọ̀."

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo gbọ́ ọ."

"Wọ́n kà á sí mi létí ní ọsibítù." Ó gbé ike omi sílẹ̀. "Ìwọ náà rò ó wò. Èmi ni mo ṣubú. Ṣé mi ò ní mọ̀ bóyá mo ti sọ̀rọ̀ ni? Ọwọ́ mi kò tíì kan irin."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí a jọ ń jẹun, tí a jọ ń gbàdúrà.

Ó ní, "Ìwọ ni mò ń retí. Bí mo bá sọ ọ́, wàá bẹ̀ mí torí pé mo ká ọ mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ ẹni tí wọ́n ká mọ́ ṣe?"

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré ọmọ ọlọ́mọ, èmi àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Kò tètè ní kí n dìde. Ó jẹ́ kí n wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi. Nígbà tí mo dìde, ó ti nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Mojí ló máa wà á lọ́jọ́ Sátidé?"

"Bí mi ò bá rí i dá dúró."

"Má dá a dúró. Sọ fún un kó fi àyè mi sílẹ̀ fún mi. Òsì ẹ̀yìn."

Mo pariwo. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn, ọkọ̀ tó fẹ́ pa á níjọ́sí! Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

Ó ní, "Níjọ́ yẹn, gbogbo yín lẹ dé ibi tí à ń lọ. Èmi nìkan ni mi ò dé ibẹ̀. Mo fẹ́ dé ibẹ̀ kí n tó kú."

Kí ni mo fẹ́ sọ, Àjọkẹ́? Ta ni èmi láti sọ pé rárá fún Lásún? Ẹ̀rù tí mo gbé dé Cinco Ranch di méjì kí n tó padà dórí fíríwè. Nígbà kan, mo ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn á ṣubú lọ́wọ́ rẹ bó ṣe ṣubú lọ́wọ́ mi. Ní báyìí, òun náà ni mo tún ń bẹ̀rù fún, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, lọ́wọ́ ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Mi ò sùn dáadáa. Mo ka Sáàmù títí ó fi sú mi. Láàárọ̀ yìí ni mo sọ fún ìyá rẹ pé èmi náà á gun un.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí, bí ọ̀gá rẹ bá gbà. Kí àwọn ọmọdé dúró nílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kí wọ́n wá lu agogo rẹ̀ títí etí yín á fi di, ìyẹn ló dùn jù lára rẹ̀ fún ọmọdé. Kí méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ jókòó lápá ọ̀tún. Èmi á jókòó sí òsì iwájú, Lásún á jókòó sí òsì ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ mi kan á di irin mú, ọwọ́ mi kejì á di ìgbànú rẹ̀ mú, bó fẹ́ bó kọ̀.

Kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní gbólóhùn náà, kò le lẹ́nu. Ohùn wọn ni o máa kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀kan, èjì. Ohùn kẹta, tèmi ni. O mọ̀ ọ́n, òun ló bá ọ wí títí o fi dàgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo nǹkan lè dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lásún ti darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. O ò ní lè rí wa láti ibi sítíárìn. Má ka ení, má ka èjì. Má wo ojú ọ̀gá rẹ. Bí gbogbo Pasadena bá ń pàtẹ́wọ́, má gbéra. Fi ẹsẹ̀ rẹ sórí kílọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi, kí o dúró de ohùn rẹ̀ bó ṣe yẹ kí n dúró dè é níjọ́ náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
òsì iwájú.